Arkengill Méjì Níwájú Pẹpẹ

Ọjọ́ Àìkú, 20 Oṣù Kẹta, 1983

Yìnyín tún bọ́ láàárọ̀, àmọ́ ó ti yọ́ kí n tó ti ṣọ́ọ̀ṣì dé. Lorna pè mí láti Plymouth lọ́sàn-án. Ó ní òun ti rí ẹni tí òun máa fẹ́. Mo ní, "Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Kí lorúkọ rẹ̀?"

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Denzil Arkengill."

"Mo ní kí lorúkọ rẹ̀, mi ò ní kí o fi orúkọ bàbá rẹ ṣeré."

"Mọ́mì, mo fi Ọlọ́run búra. Ó kán lọ́rùn ọwọ́, wọ́n gbé e wá sí wọ́ọ̀dù mi, mo sì rí orúkọ wa lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Mo bi í pé ta ló yá a lórúkọ wa. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn."

Ọkọ̀ ojú omi ló ń kàn. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni. Wọ́n fẹ́ ṣe ìgbéyàwó níbí, nínú ṣọ́ọ̀ṣì wa, ní ìparí oṣù Karùn-ún. Mo rán an létí pé àgùntàn ṣì lè máa bímọ nígbà yẹn. Ó ní àwọn àgùntàn ò sí lára àwọn tí òun fẹ́ pè. Ọmọ bàbá rẹ̀ ni lóòótọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 22 Oṣù Kẹta

Mo lọ sọ fún ìyá Tom, ọkọ mi. Agnes ti pé ọgọ́rin ọdún, ilé kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì ló ń gbé, etí rẹ̀ sì ń gbọ́ ju tèmi lọ.

"Arkengill kẹ̀? Ọmọ wa nìyẹn," ló wí. "Ta ni nínú àwọn èèyàn wa ló dé Plymouth?"

"Màmá, ó lè jẹ́ Arkengill mìíràn."

"Mìíràn wo? Kò sí Arkengill kankan láyé yìí tí kò jáde látinú ilé yín yẹn."

Ọ̀rọ̀ yìí ni mo ti ń gbọ́ láti ọjọ́ tí mo ti wọ ilé wọn. Omi tó ń ṣàn kọjá lẹ́yìn ilé ló ń jẹ́ Arkengill, orúkọ omi di orúkọ oko, orúkọ oko di orúkọ ìdílé, ẹnikẹ́ni tó bá sì ń jẹ́ ẹ níbikíbi, ẹnu ọ̀nà wa ni àwọn baba rẹ̀ gbà jáde. Agnes ka gbogbo wọn lórí ìka fún mi: àwọn tó lọ ṣiṣẹ́ ìhunṣọ ní Lancashire, àwọn tó kó lọ sí Penrith, èyí tó mutí kú. Kò rí ẹnì kan tó lọ sí gúúsù. Ó wá ń wò mí bíi pé èmi ni mo fi onítọ̀hún pamọ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 2 Oṣù Kẹrin

Wọ́n dé. Moss, ajá wa tó ti bu fíkà ìjọ wa jẹ, tó bu ẹni tó ń pín lẹ́tà jẹ, tó sì ti bu èmi gan-an jẹ, lọ dùbúlẹ̀ lé ẹsẹ̀ Denzil lórí. Ọkùnrin náà ga, etí rẹ̀ pupa, ó sì jẹ ọbẹ̀ ẹran àgùntàn àti ọ̀dùnkún mi ní àwo mẹ́ta. Mo fẹ́ràn rẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Isaac, aládùúgbò wa, yà wá kí wa. Denzil ti gbọ́ tí mo pè é ní Isaac Birkhow, ló bá ń pè é ní Ọ̀gbẹ́ni Birkhow. Lorna fẹ́rẹ̀ẹ́ kú sẹ́rìn-ín.

Ó ní, "Dockray lorúkọ rẹ̀. Birkhow ni oko rẹ̀. Níbí, oko tó o bá ń gbé la máa fi ń pè ọ́. Tó o bá sùn lọ́dọ̀ Isaac lọ́sẹ̀ méjì, Denzil Birkhow lo dà yẹn."

Isaac ní òun ò gbà á o, pé òun ti rí bó ṣe ń jẹun.

Ọjọ́ Ajé, 4 Oṣù Kẹrin

Àjíǹde kọjá lánàá pẹ̀lú oòrùn. Lónìí a kó àwọn abo tó lóyún sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè. Denzil dúró lẹ́nu géètì, ó gbé ọwọ́ lé òpó, ó ń kà wọ́n bí wọ́n ṣe ń wọlé: "Yan, tan, tethera, methera, pimp."

Mo dúró sójú kan. Ení dé àrún nìyẹn; àwọn àgbà àfonífojì yìí nìkan ló ṣì ń ka àgùntàn báyẹn. Tom máa ń kà á bẹ́ẹ̀, lẹ́nu géètì yẹn náà, pẹ̀lú ọwọ́ lórí òpó yẹn náà.

Mo ní, "Lorna ló kọ́ ọ?"

"Rárá o, mà. Ìyá mi ló fi máa ń rẹ̀ mí sùn ní kékeré. Ó ní ẹnu bàbá mi lòun ti gbọ́ ọ."

"Bàbá rẹ ńkọ́?"

Ó gbé èjìká sókè. "Wọ́n ní omi ló gbé e lọ kí n tó dáyé. Ìyá mi kú nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́fà, ìyá rẹ̀ ló tọ́ mi. Tí n bá bi ìyá àgbà nípa bàbá mi, á ní, 'Omi ló gbé e lọ. Àbí kí ni wọ́n ní ká máa wí?' Kò sóhun mìíràn tí mo gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ títí tó fi kú."

Mo bá a rẹ́rìn-ín. Àmọ́ ọ̀rọ̀ ìyá àgbà yẹn kò kúrò létí mi títí di ìrọ̀lẹ́.

Ọjọ́rú, 6 Oṣù Kẹrin

A lọ bá fíkà kó lè kọ orúkọ wọn sílẹ̀ fún ìkéde ìgbéyàwó. Ó béèrè orúkọ bàbá ìyàwó. Lorna ní Thomas Arkengill, olóògbé. Ó béèrè orúkọ bàbá ọkọ. Denzil ní, "Thomas Arkengill. Olóògbé ni tèmi náà."

Fíkà gbójú sókè. "Thomas Arkengill méjì! Mi ò rí irú èyí rí." Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ó béèrè ọjọ́ orí. Oṣù Kẹsàn-án ọdún 1956 ni wọ́n bí Denzil.

Bárékè Plymouth ni Tom ti ṣe sójà. Ìbẹ̀rẹ̀ 1955 ló lọ, ó sì padà wálé bí òtútù 1957 ṣe ń parí lọ. Mo mọ̀ dáadáa, nítorí èmi ni mo ń dúró dè é. Mo ki ọwọ́ bọ àpò kóòtù mi títí a fi délé.

Ọjọ́bọ̀, 7 Oṣù Kẹrin

Mi ò lè sùn.

Ọjọ́ Ajé, 11 Oṣù Kẹrin

Wọ́n ti padà sí Plymouth. Lorna dì mọ́ mi lẹ́nu ọ̀nà, ó ní kí n jẹun dáadáa, pé mo ti ń rù.

Ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ síbí, níwọ̀n ìgbà tí mi ò lè sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Bó bá jẹ́ pé ọmọ Tom ni Denzil, ọbàkan ni òun àti Lorna. Ọmọ bàbá kan náà ló fẹ́ dúró níwájú pẹpẹ kí fíkà so wọ́n pọ̀, kí èmi sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú fìlà tuntun lórí. Tí n bá sọ̀rọ̀ tó bá já sí irọ́, mo ti ba orúkọ òkú jẹ́, mo sì ti pa ayọ̀ ọmọ mi. Tí n bá dákẹ́ tó bá jẹ́ òótọ́, mi ò mọ irú èèyàn tí mo jẹ́ nìyẹn.

Fìlà Tom ṣì wà lórí ìkọ́ lẹ́yìn ilẹ̀kùn láti ìgbà tó ti kú lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn. Mo mú un, mo jù ú sínú dúrọ́ọ̀, mo sì fi orókún tì í pa.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 16 Oṣù Kẹrin

Àgùntàn àkọ́kọ́ bí ìbejì. Àwọn méjèèjì dìde kí n tó parí tíì mi. Nǹkan ayọ̀ kan ṣoṣo tí mo rí lọ́sẹ̀ yìí nìyẹn. Oúnjẹ àgùntàn ti tún gbówó lórí. Òjò ò dá.

Isaac wá ràn mí lọ́wọ́. Ó ní, "Lorna ò kúkú ní yí orúkọ padà. O ò rí i bó ṣe gbọ́n!"

Mo ṣe bí ẹni tó ń ṣàwàdà. "Isaac, ẹ̀yin méjèèjì lẹ jọ ṣe sójà. Tom ní ọ̀rẹ́bìnrin ní Plymouth?"

"Tom? Lẹ́tà sí ẹ nìkan ló ń kọ. Ó máa ń kà á sí wa létí, a sì máa ń ju bàtà lù ú." Ó nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò. "Àmọ́ oṣù mẹ́rin péré ni mo lò níbẹ̀ kí wọ́n tó gbé mi lọ sí Germany. Kí ló dé?"

"Kò sí nǹkan kan. Di ẹsẹ̀ àgùntàn yìí mú."

Ọjọ́ Àìkú, 24 Oṣù Kẹrin

Ìkéde àkọ́kọ́. Fíkà ka orúkọ Denzil Arkengill ti Plymouth àti Lorna Arkengill ti ìjọ yìí, àwọn èèyàn sì ń rẹ́rìn-ín sínú ìwé orin wọn. Lẹ́yìn náà ló ní bí ẹnikẹ́ni nínú wa bá mọ ìdí kan tàbí ìdènà kan tí kò fi yẹ kí wọ́n so àwọn méjèèjì pọ̀, kó sọ ọ́.

Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn láìmọye ìgbà láti kékeré. Mi ò rò ó rí pé ẹnì kan lè mọ nǹkan kan. Mo ń sún síbí sún sọ́hùn-ún tó bẹ́ẹ̀ tí Agnes fi já mi léèékánná. "Nora, jókòó dáadáa. Ṣé kòkòrò wọ inú aṣọ rẹ ni?"

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 26 Oṣù Kẹrin

Àgùntàn olójú dúdú bí òkú ọmọ láàárọ̀. Òmíràn kú sórí ìkúnlẹ̀, ọmọ rẹ̀ sì ń ké. Mo bọ́ awọ òkú ọmọ náà, mo wọ̀ ọ́ fún ọmọ òrukàn bí ẹni wọ ẹ̀wù fún ọmọ, mo yọ ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin síta, mo sì tì í sábẹ́ olójú dúdú kó lè rò pé ọmọ òun ni. Ó gbóòórùn rẹ̀ níwájú, ó gbóòórùn rẹ̀ lẹ́yìn, ó janpata, ó wá dúró jẹ́ kó mu ọmú. Ọpẹ́ o. Ó kéré tán, ọ̀kan yanjú.

Ọjọ́ Ẹtì, 29 Oṣù Kẹrin

Ọ̀rọ̀ Agnes ló fún mi lọ́gbọ́n. Bó bá jẹ́ pé Tom nìkan ni Arkengill tó dé gúúsù rí, kò yẹ kí Arkengill kankan wà lọ́hùn-ún yàtọ̀ sí Denzil. Tó bá wà, á jẹ́ pé a ò mọ gbogbo ara wa nìyẹn.

Mo fi Isaac ti àwọn àgùntàn, mo wakọ̀ lọ sí Kendal. Ìwé nọ́ńbà tẹlifóònù gbogbo orílẹ̀-èdè yìí ló wà ní ilé ìkàwé níbẹ̀, wọ́n kún pẹpẹ ìwé méjì. Mo yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan láti London dé Scotland. Obìnrin tó ń ṣọ́ ibẹ̀ bi mí bóyá mo ń wá ẹni tó jẹ mí lówó ni.

Bí Agnes ṣe kà á lórí ìka ni mo ṣe bá a. Mẹ́jọ ní àdúgbò wa níbí, gbogbo wọn ni mo mọ̀. Méjì ní Lancashire, àwọn ọmọ ahunṣọ. Ìyókù ìlú, òfo. Ọ̀pọ̀ ìwé wà tí ó ti Arkell bọ́ sí Arkwright láìyà sọ́dọ̀ wa rárá. Ó kù díẹ̀ kí wọ́n tilẹ̀kùn ni mo dé ìwé Cornwall, ní gúúsù lẹ́gbẹ̀ẹ́ Plymouth. Ọ̀kan wà níbẹ̀. Arkengill, J., Porthenick.

Mo jókòó sínú ọkọ̀, mo jẹ búrẹ́dì tí mo gbé dání, mo sì ń wo nọ́ńbà náà. J lè jẹ́ ẹnikẹ́ni. Ó lè jẹ́ ọmọ mìíràn tí Tom tún bí. Mi ò pè é.

Ọjọ́ Àìkú, 1 Oṣù Karùn-ún

Nǹkan pọ̀ láti kọ, ọwọ́ mi ò sì yára tó.

Ìkéde kejì ni lónìí. Mo ti bá ara mi sọ ọ́ pé tí mi ò bá rí ìdáhùn kan kó tó di òní, màá sọ̀rọ̀. Nígbà tí fíkà sọ pé "ìdí kan tàbí ìdènà kan," mo dìde. Mo di ẹ̀yìn ìjókòó iwájú mú. Gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì yíjú sí mi. Fíkà bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ní, "Ìyá Lorna?"

Mo la ẹnu. Orúkọ Tom wà lórí ahọ́n mi, kò jáde. Mo ní, "Ẹ má bínú, mo fẹ́ gba atẹ́gùn." Mo sì jáde. Mo gbọ́ bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí sọ ọ́ láàárín ara wọn kí ilẹ̀kùn tó pa dé. Mi ò dúró de Agnes. Mo wakọ̀ wálé, mo gbé fóònù pẹ̀lú kóòtù lọ́rùn.

Ó dún títí. Ọkùnrin kan gbé e. Mo ti to ọ̀rọ̀ sílẹ̀, gbogbo rẹ̀ fò lọ. Ohun tí mo máa ń sọ tí wọ́n bá pe ilé yìí ló jáde lẹ́nu mi: "Arkengill nìyí."

Mo rò pé ó ti gbé e sílẹ̀. Ó wá ní, "Arkengill wo?"

"Ti àfonífojì Wythdale. Lókè pátápátá."

"Oko yẹn gan-an?" Ohùn rẹ̀ ti yí padà. Ó bẹ̀rẹ̀ bí ará gúúsù, ó sì wá di ohùn tiwa, irú èyí tí mi ò gbọ́ mọ́ láti ìgbà tí bàbá Tom ti kú. "Igi eléso pupa tó wà lẹ́nu géètì ńkọ́? Ṣé ó ṣì wà?"

"Ìjì wó o lọ́dún tí mo wọlé. Òmíràn ti hù nídìí rẹ̀."

"Hẹ̀n. Ó máa ń hù padà."

"Ta lẹ̀yin, bàbá?"

"Joss ni mí. Thomas àgbà ló gbà mí síṣẹ́ ní ọjà Pẹ́ńtíkọ́sì. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni mí nígbà náà. Mo fi koríko gbígbẹ sẹ́nu, mo dúró sójú títì bí gbogbo ẹni tó ń wá ọ̀gá, wọ́n ń kọjá lára mi torí pé mo rí pẹ́lẹ́ńgẹ́. Òun ló dúró. Ó ní, 'Ọmọ yìí, ṣé o máa ń jẹun?' Mo ní, 'Tí n bá rí i, ọ̀gá.' Ó ní kí n gun kẹ̀kẹ́ ẹṣin."

Thomas àgbà ni bàbá bàbá Tom. Mo ní, "Ṣé ẹbí wọn lẹ jẹ́ ni?"

"Ẹbí kẹ̀! Ilé àwọn ọmọ òrukàn ni mo ti wá, ìyá. Òpópónà tí wọ́n ti rí mi ni wọ́n fi sọ mí lórúkọ. Kò sẹ́ni tó pè mí bẹ́ẹ̀ ní Wythdale. Ẹ̀yin náà mọ bí ẹ ṣe ń ṣe níbẹ̀. Joss Arkengill ni mo ń jẹ́ ní ọjọ́ kejì tí mo dé. Nígbà tí bàbá kú, mo wá iṣẹ́ ọkọ̀ òkun lọ. Akọ̀wé wọn béèrè orúkọ mi, èyí ni mo sọ." Mo ń gbọ́ èémí rẹ̀. "Kò sẹ́ni tó fún mi. Mo kàn mú un ni. Ó ti tó ọgọ́ta ọdún tí mo ti ń retí kí ẹnì kan láti oko yẹn pè mí, kó ní kí n dá a padà."

Mo bi í bóyá ó bímọ.

"Ọ̀kan. Orúkọ bàbá yẹn ni mo fún un. Thomas. Omi gbé e lọ ní oṣù Kejì ọdún 1956, òun àti àwọn mẹ́ta tó wà nínú ọkọ̀ náà. Oyún wà nínú ìyàwó rẹ̀. Ìyá ìyàwó wá kó o lọ sí Plymouth, ó ní èmi ni mo ti ọmọ mi sójú omi. Ó ní kí n má fẹsẹ̀ tẹ ilé wọn. Mo kọ lẹ́tà títí, wọ́n ń dá a padà." Ó wúkọ́. "Mi ò tiẹ̀ mọ̀ bóyá ọkùnrin ló bí àbí obìnrin."

Omijé ti ń ro sínú fóònù. Mo ní, "Ọkùnrin ni, bàbá. Denzil ló ń jẹ́. Ó ga, etí rẹ̀ pupa, ó ń kan ọkọ̀ ojú omi. Ó mọ yan, tan, tethera. Ó sì fẹ́ fẹ́ ọmọ mi."

Ohùn tó jáde lẹ́nu rẹ̀, mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́.

Nígbà tí mo gbé fóònù sílẹ̀, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú ilé ìdáná, mo rẹ́rìn-ín, mo sunkún, Moss sì ń lá mi lójú. Kì í ṣe ọmọ Tom. Kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ wa rárá! Mo ṣí dúrọ́ọ̀, mo gbọn fìlà Tom, mo fi ẹnu kò ó, mo sì gbé e padà sórí ìkọ́. Lẹ́yìn náà ni mo wakọ̀ padà lọ sí itẹ́ òkú, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú. Agnes yọjú láti ojú fèrèsé rẹ̀, ó kígbe pé, "Nora! Ṣé wèrè ni àbí oyún?"

Ọjọ́ Ajé, 2 Oṣù Karùn-ún

Mo pe Plymouth. Mo sọ fún Denzil pé bàbá bàbá rẹ̀ ń bẹ láyé. Lorna gba fóònù, ó ní, "Mọ́mì, kí lo sọ fún un? Ó ti jókòó sórí àtẹ̀gùn." Wákàtí méjì péré ni ibi tí bàbá yẹn wà sí ilé wọn. Wọ́n máa lọ lọ́la.

Ohun tí mo ti ń rò láti oṣù tó kọjá, mi ò sọ ọ́ fún wọn, mi ò sì ní sọ ọ́. Èmi àti Tom la ni ín.

Mo sùn bí òkúta. Àgùntàn mẹ́ta ló bímọ láìsí mi, kò sì sí èyí tó kú.

Ọjọ́bọ̀, 5 Oṣù Karùn-ún

Agnes ti ń bínú láti ọjọ́ mẹ́ta. "Olè orúkọ! Ó dúró lójú títì pẹ̀lú koríko lẹ́nu, ó sì jí orúkọ ìdílé lọ!"

Mo ní, "Màmá, ẹ̀yin náà, kí lorúkọ yín kí ẹ tó wọ ilé yẹn?"

"Wọ́n fẹ́ èmi wọlé ni!"

"Wọ́n gba òun náà wọlé."

Ó mu tíì rẹ̀, ó kọjú sí ògiri. Nígbà tó yá ló ní, "Ọdún mélòó ló lò lọ́dọ̀ Thomas àgbà?" Mo ní ó tó mẹ́fà. "Mẹ́fà? Bàbá yẹn ò lè fara da ọ̀lẹ fún ọjọ́ mẹ́fà." Kò tún pè é lólè mọ́.

Ọjọ́ Àìkú, 8 Oṣù Karùn-ún

Ìkéde kẹta. Nígbà tí fíkà dé ibi "ìdí kan tàbí ìdènà kan," ó dúró, ó wò mí. Gbogbo ìjọ wò mí. Mo mú súìtì míǹtì jáde látinú àpò, mo tú bébà rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, mo jù ú sẹ́nu. Isaac bú sẹ́rìn-ín, ìyàwó rẹ̀ sì gbá a ní ìgbúnwọ́. Fíkà kọjá sórí orin.

Ọjọ́ Àìkú, 15 Oṣù Karùn-ún

Oòrùn. Koríko ti ń hù. Ọ̀kan péré ló kù tí kò tíì bímọ. Láti ọjọ́ pípẹ́ ni mo ti bọ́ awọ yẹn kúrò lára ọmọ òrukàn, olójú dúdú ò sì yàgò fún un. Tí ọmọ mìíràn bá sún mọ́ ọmú rẹ̀ báyìí, á kàn án.

Ọjọ́bọ̀, 26 Oṣù Karùn-ún

Denzil gbé Joss dé ní ìrọ̀lẹ́. Ó kéré ju bí mo ṣe rò lọ. Ó wọ kóòtù àtàtà, ó sì fi ọ̀pá tilẹ̀. Kò fẹ́ kí a wa ọkọ̀ kọjá ẹnu géètì. Ó sọ̀kalẹ̀, ó fọwọ́ kan igi eléso pupa náà, ó fọwọ́ kan òpó, ó yọ fìlà, ó sì dúró síbẹ̀ bí ẹni tó ń retí kí wọ́n ní kó wọlé.

Agnes ti ní kí n gbé òun wá láti ọ̀sán. Ó jáde síta pẹ̀lú ọ̀pá tirẹ̀, ó wò ó láti orí dé ẹsẹ̀.

"Ìwọ lo mú orúkọ wa lọ?"

"Èmi ni, màámi." Wọn ò ju ọdún méjì lọ síra wọn.

"O bà á jẹ́?"

"Mo ṣọ́ ọ, mà."

"Ó dáa. Wọlé kí ọbẹ̀ tó tutù. Ṣé o máa ń jẹun?"

Mi ò mọ̀ pé ó ti gbọ́ ibi yẹn nínú ìtàn náà. Ojú Joss kún fún omi. Ó ní, "Tí n bá rí i, ọ̀gá."

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 28 Oṣù Karùn-ún

A ti ṣe é. Òjò dúró fún wa láti aago mẹ́wàá títí di ìgbà tí a jẹun tán. Lorna wọ aṣọ tí mo fi ṣe ìgbéyàwó, wọ́n sì tú ìṣẹ́tí rẹ̀ sílẹ̀ torí pé ó ga jù mí. Isaac ló mú un wọlé dípò Tom. Nígbà tí wọ́n fọwọ́ síwèé, ó kọ Lorna Arkengill bó ṣe ń kọ ọ́ láti ilé ìwé, ó ní ìgbéyàwó ò le tó bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Fíkà ní kí Joss náà wá fọwọ́ sí i gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí. Ó wo ojú Agnes kó tó mú bírò. Agnes ní, "Kọ ọ́ kó hàn o."

Gbogbo àlejò ti lọ báyìí. Mo jókòó lórí àga nínú ilé ìdáná, bàtà ìnáwó ṣì wà lẹ́sẹ̀ mi, Moss sì wà lórí rẹ̀. Bàbá àti ọmọ ọmọ rẹ̀ wà níta, wọ́n ń da àwọn àgùntàn àti àwọn ọmọ wọn padà sí orí òkè kí ilẹ̀ tó ṣú. Mo ń gbọ́ wọn láti ojú fèrèsé, ohùn àgbà níwájú, ohùn ọ̀dọ́ lẹ́yìn rẹ̀: yan, tan, tethera, methera, pimp. Ní ọ̀sẹ̀ Àjíǹde, kíkà yẹn ló gba oorun lójú mi. Mo fẹ́ fetí sí i kí n mọ iye tí wọ́n máa kà, nítorí mi ò tíì ka iye ọmọ tí a bí lọ́dún yìí

Ọjọ́ Àìkú, 29 Oṣù Karùn-ún

Oorun gbé mi lọ sórí àga láìparí gbólóhùn. Joss ní òun bá bírò lọ́wọ́ mi, òun sì fi kóòtù òun bò mí. Mi ò mọ ibi tí wọ́n kà á dé.